Ìlà Tirẹ̀ Nínú Orin

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a lò kẹ́yìn pọ̀ ní Ìlá, aya mi ń bẹ iṣu nígbà tí ó dá orin àdúrà. Òun ló máa ń dá a, èmi a sì gbè é. Lọ́jọ́ náà, mo tètè gbè é, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ẹ ṣe sùúrù! Ẹ jẹ́ kí n parí tèmi kí ẹ tó bà á jẹ́."

Àìsàn òjijì mú un lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Láràárọ̀ ni mò ń ka Bíbélì, ṣùgbọ́n n kò lè dá orin. Àdúrà mi wá dà bí ọ̀rọ̀ tí mò ń bá ògiri sọ, ẹ̀rù sì bà mí pé n ó pa á tì.

Ní àárọ̀ ọyẹ́ kan, mo ka Sáàmù ẹni tí ó ké pe Olúwa láti inú ibú. Mo rí i pé kò dúró tún ohùn ṣe kí ó tó ké. Mo bá dá orin aya mi. Ó ga jù, ohùn mi há. Mo tún un dá nísàlẹ̀. Mo fi sùúrù parí ìlà tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo wá gbè é.