Ìwé Ìdánwò Tí Bọ́sà Fún Wa Lọ́fẹ̀ẹ́

Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìwádìí kan, nítorí pé èmi ni mo kéré jù ní ọ́fíìsì wa, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá sì fẹ́ ṣe, orí mi ló ń já lé. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìlú Ọ̀yọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn aláṣẹ ní kí á bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ yọ wọ́n lẹ́nu nínú ọgbà, ì báà jẹ́ olùkọ́, ì báà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wọn. Kí wọ́n kọ ìdáhùn sínú ìwé, kí wọ́n má kọ orúkọ. Alága wa, àgbà olùkọ́ kan tó tún jẹ́ díákónì, kò lè pe ohun tí à ń wádìí lórúkọ. "Ọ̀rọ̀ yẹn" ló ń pè é. "Ṣé ẹ ti tẹ ìbéèrè ọ̀rọ̀ yẹn?" Nígbà tó yá, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀.

Mo kọ ohun tí a nílò sílẹ̀: bébà, bírò, bísíkíìtì díẹ̀. Mo gbé e lọ bá Bọ́sà, ẹni tí àpò ilé ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alhaji ni, ìdí Ọjà Akẹ̀sán ni wọ́n bí i sí, kò sì sí ohun tí kì í ná. Bí o bá sọ iye tí aago lù fún un, yóò ní kí o yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀.

"Bísíkíìtì kẹ̀?" ó ní. "Ṣebí ìbéèrè lẹ fẹ́ bi wọ́n?"

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni tó fẹ́ sọ ohun tó dùn ún, ó yẹ kó rí nǹkan fi sẹ́nu."

"Bí nǹkan bá wà lẹ́nu ẹ̀, ẹnu wo ló wá fẹ́ fi sọ̀rọ̀?"

Ó fagi lé bísíkíìtì, ó fagi lé bírò, ó wá fagi lé bébà pàápàá. Ó ní àwọn ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dáhùn ìdánwò ṣẹ́kù ní sítọ̀, kí n lọ kó wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Inú mi dùn, mo kúnlẹ̀, mo ní Ọlọ́run á bù sí i. Òmùgọ̀ ni mí lọ́jọ́ náà, n kò ní fi bò.

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ gbọ̀ngàn, tí wọ́n rí ìwé ìdánwò lórí tábìlì, àwọn fúnra wọn ló jìnnà síra wọn. Mo kígbe pé, "Ẹ má kọ orúkọ o!" Wọ́n ní, "Yẹ̀s mà." Ṣùgbọ́n iwájú ìwé náà ní ibi tí a ń kọ orúkọ sí, ó ní ibi tí a ń kọ nọ́ńbà mátíríìkì sí, ọwọ́ ẹni tó ti ń ṣe ìdánwò láti ọdún mẹ́rin kò sì lè rí ilà òfìfo kó fi í sílẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ kí n tó pa ẹnu dé. N kò rí i, nítorí pé àwọn méjì lẹ́bàá fèrèsé ń yọjú wo ìwé ara wọn.

"Kí lo kọ sí nọ́ńbà mẹ́ta?" ni èkínní ń bi èkejì.

Inú bí mi. Mo ní, "Ṣé ohun tó ṣe ẹlòmíì lo fẹ́ dà kọ ni?"

Ọ̀kan nawọ́, ó ní òun fẹ́ ìwé àfikún. Ọ̀kan béèrè ìṣẹ́jú tó kù.

Ìgbà tí mo padà sí ọ́fíìsì ni mo rí orúkọ lára gbogbo ìwé. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹnì kan ní ẹni tó fìyà jẹ òun ni ọlọ́kadà tó kó èrò mẹ́ta lé òun lẹ́yìn. Ẹlòmíràn dáhùn tán, ó kọ sísàlẹ̀ pé kí Ọlọ́run fún ẹni tó máa máàkì rẹ̀ ní ojú àánú. Mo ń rẹ́rìn-ín títí mo fi kan ti ọmọbìnrin kan tó ku oṣù méjì kó jáde. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní òun kò ní buwọ́ lù ú àfi bó bá wá bá òun nílé kan lẹ́yìn ìlú. Ó kọ orúkọ ọkùnrin náà. Ó kọ tirẹ̀ náà sí iwájú ìwé.

Ọ́fíìsì kan náà ni Alága wa àti ọkùnrin yìí jọ ń lò. Alága kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ ajádìí ni, ọ̀rọ̀ kì í dúró nínú rẹ̀. Ó sì ti ní òun fẹ́ gba gbogbo ìwé lọ́jọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin náà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, kò wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n gba ìwé mi. Mo ṣèèṣì kọ orúkọ ni. Tí olùkọ́ mi bá rí i, mi ò ní jáde mọ́."

Mo ní kó má mikàn. Èmi gan-an ń mikàn. Mo lè fa iwájú ìwé ya, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ṣì wà nínú, olùkọ́ tó ti ń máàkì iṣẹ́ ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́ kò ní ṣì í mọ̀. Àfi kí a dà wọ́n kọ, gbogbo wọn, kí tirẹ̀ má baà dá yàtọ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo fi owó ara mi ra bébà, mo di àwọn ìwé sínú báàgì Ghana-must-go, mo wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Awakọ̀ wo báàgì náà, ó gba owó èrò méjì lọ́wọ́ mi. Mo rántí Bọ́sà àti ohun ọ̀fẹ́ rẹ̀, mo pòṣé.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, tí mo ń pè ní Mọ́mì, ló wà níbẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi paraku. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi rí i tó mú bírò pupa.

"Mọ́mì, ẹ má máàkì wọn!"

"Ṣé kí n wá da àṣìkọ yìí kọ bẹ́ẹ̀? Mẹ́rin nínú mẹ́wàá lèyí gbà."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jà títí ó fi kan ìwé ọmọbìnrin náà. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀.

"Ọmọ ta ni?" ó ní. Kí n tó dáhùn, ó ní, "Rárá, má sọ fún mi."

Ó gbé bírò pupa náà sílẹ̀. "Àwọn kan wá bá mi lórí irú ẹ̀ nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́. Mo ní kí wọ́n lọ gbàdúrà."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi sí i, n kò lè tìtorí àánú pa ìbínú náà mọ́. A yọ gbogbo ohun tí a fi lè dá ọmọ náà mọ̀ kúrò. Ìyókù, ó dà á kọ láìtún ohun kan ṣe. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó ní kí n bá òun mú rúlà wá.

A fi àwọn ìwé àtijọ́ dáná, a fi se iṣu. Iṣu náà jinná dáadáa.

Lọ́jọ́ Ajé, Alága ṣí ìwé wò títí. "Ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn ọmọ wa mà dọ́gba o."

"Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni, sà."

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ìwé ìdánwò gan-an dà?"

"A fi se iṣu, sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí ewé tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rín náà sì tán lójú rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde, ó gbé e lọ bá àwọn aláṣẹ, kò sì pè é ní ọ̀rọ̀ yẹn mọ́.

Mo pàdé ọmọbìnrin náà lẹ́bàá ilé ìkàwé. Mo sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ ti jóná. Ó mí kanlẹ̀, ó dúpẹ́, ó fẹ́ máa lọ, ó tún yíjú padà.

"Orúkọ olùkọ́ yẹn ńkọ́, mà?"

"Ìyẹn ò jóná," mo ní. "Lẹ́tà ńlá la fi kọ ọ́. A tún fi rúlà fa ilà pupa sí i nídìí."