Ọ̀já Tí Wọ́n Fi Di Ìyá Àgbà Lọ́wọ́

Òórùn òrí ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Màmá mi jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé wa ní Òmù-Àrán, ó ń fi òrí pa apá rẹ̀ tó wú. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló fi ọ̀pá nà án nírọ̀lẹ́ àná.

Àìsàn ìgbàgbé ti mú Ìyá Àgbà nígbà náà. Bí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀, á di ẹrù rẹ̀, á ní òun ń lọ sílé àwọn òbí òun ní Agbamu, àwọn tó ti kú tipẹ́. A ó sáré ti géètì. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ á jẹ ọ̀pá.

Ọ̀pá yẹn kọ́ ló ń bí mi nínú títí dòní. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni. Ìyá Èkó ni màmá mi ń pè é, torí kò gbọdọ̀ pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ó wálé fún ìsìnkú kan, ó rí ìjà náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní ẹ̀mí àìmọ́ ni. Ó kó àwọn aládùúrà wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ń pariwo lórí arúgbó, bí wọ́n ṣe ń pariwo ni òun náà ń lù wọ́n. Ni wọ́n bá fi ọ̀já dì í lọ́wọ́ méjèèjì. Ọ̀já o! Obìnrin tó fi ọ̀já pọn gbogbo wọn dàgbà. Bàbá mi dúró síbẹ̀, ó ń wòran.

Màmá mi kúnlẹ̀. "Ìyá Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú wọn sílẹ̀."

"Tí wọ́n bá tún lu èèyàn ńkọ́, ìyàwó?"

"Èmi ni kí wọ́n lù."

Wọ́n tú u. Màmá mi ṣí géètì, ó gbé ẹrù náà. "Ìyá, ṣé ẹ ti ń lọ? Ẹ jẹ́ n sìn yín sọ́nà."

Ìyá Àgbà wò ó títí. "O káre, ìyàwó."

Mo tẹ̀lé wọn. Nígbà tí wọ́n dé ìdí máńgòrò kan lójú ọ̀nà, Ìyá Àgbà dúró gẹ́gẹ́ bí àlejò tó mọ ìwà hù. "Ó tó, padà, ilẹ̀ ń ṣú."

"Ẹ̀rù ń bà mí láti dá nìkan padà, Ìyá. Ẹ sin èmi náà díẹ̀."

Ìyá Àgbà ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, àmọ́ kò gbàgbé pé ẹni tó sìn ọ́, ó yẹ kí o sìn ín padà. Ó rọra di apá tó wú yẹn mú, wọ́n sì jọ ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n fi délé, ohun tó ń béèrè ni bóyá a ti ro ọkà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìyá Èkó padà sí Èkó, ó ń sọ káàkiri pé àdúrà òun ló ṣiṣẹ́.

Lóṣù tó kọjá, màmá mi náà di ẹrù, ó ní òun ń lọ sílé àwọn òbí òun. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ sórí Wasáàpù pé kí n ra àgádágodo tó lágbára. Ọmọdé ni mí nígbà ọ̀já, mi ò lè sọ̀rọ̀ lójú àgbà. Lọ́tẹ̀ yìí mo fèsì: ẹni tó bá ti màmá mi mọ́lé, èmi ni màá yọ ọ̀pá sí i.

Mo gbé ẹrù náà, mo sìn ín. Nídìí máńgòrò, ó ní kí n padà. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí láti dá nìkan padà, mi ò sì purọ́.