Òwúrọ̀ Tí A Fi Tírélà Dínà Mọ́ Kòkó Bàbá Mi

Òórùn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Òórùn epo dísẹ́ẹ̀lì tó jóná, òórùn ìtọ̀ tó ti gbẹ sára táyà, àti ti omi ọ̀sà tó dúdú bí ọṣẹ lábẹ́ afárá. Nígbà yẹn, bí a bá gbé ẹrù lọ sí èbúté l'Ékòó, a lè tò sórí afárá fún ọjọ́ mẹ́wàá kí a tó fojú kan géètì. Ibẹ̀ la ti ń sùn, ibẹ̀ la ti ń wẹ̀. Ẹni tí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n á yà á sínú ọ̀rá, á jù ú sínú ọ̀sà, á nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, á sì padà sídìí ìkòkò ìrẹsì tí a jọ ń sè. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo jẹ nínú ìrẹsì náà, mo sì tún bù sí i. Àwọn ọkùnrin kan máa ń rìn láàárín ọkọ̀ pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Ẹni tó bá fún wọn ní ẹ̀gúnjẹ, wọn á fà á síwájú. Ẹni tí kò bá fún wọn, wọn á fọ́ díńgí ọkọ̀ rẹ̀. Mo máa ń bú wọn lẹ́yìn, mo sì máa ń pè wọ́n ní ọ̀gá mi lójú.

Abúlé kan lẹ́yìn Akanran ni wọ́n bí mi sí. Kòkó ni bàbá mi ń gbìn. Nígbà tí mo di awakọ̀ tírélà, mo rò pé mo ti di ọba ojú títì. Láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti máa ń fọn fèrè ọkọ̀, kí ènìyàn àti ewúrẹ́ lè mọ̀ pé ẹni ńlá ń bọ̀. Tírélà náà kì í sì í ṣe tèmi. Táyà kan ṣoṣo lára rẹ̀ ju gbogbo ohun ìní mi lọ. Èmi ni mo ń kó kòkó ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé wa lọ sí èbúté. Obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló ń darí ẹgbẹ́ náà. Ìyá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àwọn ló kọ́ mi ní ìwé kíkà.

Lọ́dún kan, òjò bá wa lórí afárá, tapólíìnì tó bo ẹrù ya, omi sì wọ inú àpò. Nígbà tí mo fi máa wọ èbúté, ọkùnrin tó ń yẹ kòkó wò níbẹ̀ ki irin ṣóńṣó bọ inú àpò kan, ó fa kòkó díẹ̀ jáde, ó gbé e sí imú, ó sì tutọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n gbé ìdọ̀tí mi kúrò níwájú òun. Mo gbé e padà sílé. Bàbá mi ti ọwọ́ bọ àpò kan, ohun funfun sì lẹ̀ mọ́ ìka wọn bí òwú. Kòkó ti bu. Iṣẹ́ ọdún kan gbáko ń rùn bí aṣọ tútù tí a gbàgbé sínú ike. Wọ́n nu ọwọ́ wọn sára ewé.

"Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ," ni wọ́n wí. "Ọ̀nà ló burú."

Àṣé ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà ti sú àwọn aláṣẹ èbúté pàápàá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rán ọmọbìnrin kan wá bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ní èbúté kò fẹ́ kí gbogbo ẹrù máa gba ojú títì wá mọ́. Wọ́n ti dín owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹrù tó bá bá ọkọ̀ ojú irin wá kù, wọ́n sì ti ya géètì sọ́tọ̀ fún un, tí yóò fi wọlé tààrà dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ òkun. Àwọn tí ilé ìkẹ́rùsí wọn wà létí ọ̀sà ń fi ọkọ̀ ojú omi pẹrẹsẹ kó tiwọn. Tiwa kò ju kí a gbé kòkó dé ibùdó ojú irin tó wà ní ìhà Akínyẹlé.

Ìyá Tíṣà dìde. "Bí ọkọ̀ ojú irin náà bá dákú lọ́nà ńkọ́?"

"Ó lè dákú, mà," ni ọmọbìnrin náà dáhùn. "N kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kò ní to ìlà sórí afárá fún ọjọ́ mẹ́wàá."

Bàbá mi mi orí, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọjà. Èmi tí mo fara ti ògiri lẹ́yìn béèrè pẹ̀lú ẹ̀rín bóyá ejò irin náà á wá gbé kòkó nínú oko. Ọmọbìnrin náà ní rárá, pé àwa awakọ̀ la ó máa gbé e dé ibùdó. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Inú bí mi gidigidi, àfi bíi pé ẹnì kan bọ́ adé lórí mi.

Ní gáréèjì, olórí àwọn awakọ̀ wa sọ pé bí a bá jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré, wọn kò ní pè wá mọ́. Ó béèrè ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé kòkó lọ. Mo mọ̀ ọ́n. Nídìí iṣu tí mo ń jẹ nílé bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ. Mo sọ fún un. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Èmi ni ikú ilé ọ̀hún.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, a fi tírélà mẹ́ta dí ọ̀nà tó wọ ibùdó. Tèmi ló wà níwájú. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù méjì àwọn ará abúlé wa dé, Ìyá Tíṣà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wá dúró lábẹ́ fèrèsé mi.

"Ọmọ mi, kí ló ṣe é?"

"Ọkọ̀ ló bàjẹ́, mà."

Wọ́n gbé ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀ tó ń gbọ̀n nítorí ẹ́ńjìnnì tí mi ò pa. "Èyí tó ń ṣiṣẹ́ yìí?"

Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wò mí ní kíláàsì bí mo bá jí ìdáhùn ẹlòmíì wò, wọ́n sì padà sẹ́yìn. Ìgbà tó yá, mo rí àwọn ará abúlé wa tí wọ́n ń sọ àpò kòkó kalẹ̀. Àlàfo tóóró kan wà láàárín tírélà mi àti gọ́tà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá, pẹ̀lú àpò lórí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi ni ẹnì kẹta. Àpò wọn ha ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi. Wọn kò gbójú sókè.

Olórí wa tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín. "Wo bàbá arúgbó yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ìyẹ́ àfòpiná."

Kò mọ̀ pé bàbá mi ni. Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín náà ni ẹsẹ̀ bàbá mi yẹ̀. Wọ́n fi orúnkún gúnlẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà, àpò sì bọ́ lórí wọn. Bí mo bá ń sọ ìtàn yìí fáwọn ènìyàn, wọ́n máa ń retí pé kí n sọ pé mo bẹ́ sílẹ̀. N kò bẹ́ sílẹ̀. Obìnrin àgbẹ̀ kan ló fa bàbá mi dìde, tó nu ẹrẹ̀ lára àpò, tó sì bá wọn gbé e. Ìgbà tí àpò tó kẹ́yìn wọlé tán ni mo tó wa tírélà kúrò, mo wà á dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí kí n tó pa ẹ́ńjìnnì.

Kòkó náà dé èbúté lọ́jọ́ kejì. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì gba gbogbo rẹ̀. Mo wálé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi ń fi omi gbígbóná jó orúnkún wọn.

"Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ," ni wọ́n wí. "Mo mọ̀ ọ́n láàárín ẹ̀rín ẹgbẹ̀rún èèyàn, torí èmi ni mo kọ́kọ́ mú ọ rẹ́rìn-ín láyé." Wọ́n tún ti aṣọ bọ omi gbígbóná náà. "Oúnjẹ wà nílé ìdáná."

Mi ò lè jẹ ẹ́.

Mo fi tírélà sílẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ni mo ń wà báyìí, láti oko dé ibùdó, iṣẹ́ tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Mo ń sùn sílé mi, mo sì ń wẹ̀ nínú balùwẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé ìlà orí afárá ti dín kù, pé kò tíì tán. N kò padà lọ wò ó.

Nígbà ìkórè tó kọjá, bàbá mi bá mi lọ sí ibùdó. Òṣìṣẹ́ kan tó ń ka àpò bi wọ́n léèrè ta ni èmi. Wọ́n fi ọ̀pá wọn tọ́ka sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi ni. Òun ló ń bá wa gbé e wá, kò sì já wa kulẹ̀ rí."

Ọkùnrin náà yà sọ́dọ̀ mi, ó na ọwọ́, ó kí mi kú iṣẹ́. Mo gba ọwọ́ náà, ṣùgbọ́n n kò lè wo ojú rẹ̀.