Kí Wọ́n Gbé Ọkọ̀ Náà Jáde

Tẹlifíṣọ̀n ló fa gbogbo rẹ̀, inú ṣì ń bí mi sí i títí dòní. Mo ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà, àwọn èrò Camberwell nílùú òyìnbó níbí sì ti fi ariwo da orí mi rú. Mo ní kí n jókòó ti Mọ́mì mi, kí n jẹ ìrẹsì mi jẹ́jẹ́. Àfi bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìsàlẹ̀ òkun hàn wá, tí àwọn òmùwẹ̀ ń tan iná sára ọkọ̀ ogun ńlá kan tó rì nígbà ogun àgbáyé kejì. Ẹja ń gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé, wọ́n ń gba ibẹ̀ jáde. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dárúkọ ọkọ̀ náà, ó ní àwọn kan fẹ́ kí wọ́n gbé e jáde, àwọn kan sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Mọ́mì mi gbé ife tíì wọn sílẹ̀. "Bàbá mi ló wà nínú ọkọ̀ yẹn," ni wọ́n wí.

Òótọ́ ni. A mọ orúkọ ọkọ̀ náà nílé wa bí a ṣe mọ orúkọ àdúgbò. Ọmọ Èkó ni bàbá tó bí Mọ́mì, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ogun ló ti ń ṣiṣẹ́, nídìí ẹ́ńjìnnì, nínú ooru. Oyún Mọ́mì ló fi sílẹ̀ lọ. Ọkọ̀ rì, ìròyìn dé, òkú kò dé. Ìyá Mọ́mì ní ẹni tí òun kò rí òkú rẹ̀, òun kò ní í ṣe opó rẹ̀. Nígbà tó bímọ, àwọn àgbà ilé fẹ́ sọ ọmọ náà ní orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú kó tó dáyé. Ó já ọmọ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn, ó ní, "Ẹ ò ní fi ẹnu yín pa ọkọ mi." Kò fẹ́ ọkọ mìíràn títí tó fi kú.

Mọ́mì jogún ìrètí yẹn lọ́wọ́ ìyá wọn bí ẹni jogún aṣọ. Áfáà mọ́sáláṣí wa ní Peckham níbí ti bẹ̀ wọ́n títí, pé kí wọ́n jẹ́ ká kírun òkú fún bàbá, pé bí òkú kò bá tilẹ̀ sí níwájú wa, ẹ̀sìn gbà á. Mọ́mì kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí òkú bàbá òun ni kó wá kírun sí i lára. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé kí òun má lọ kú láìrí bàbá tó bí òun, láìrí ibi tí òun á dúró sí láti pè é.

"Ṣé wọ́n lè gbé e jáde?" ni wọ́n bi mí.

"Mọ́mì, ẹ jẹun."

"Mo ní ṣé wọ́n lè gbé e?"

"Ṣé èmi ni ìjọba ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tán o. Bí mo bá ti lọ síṣẹ́, Mọ́mì á sọ̀ kalẹ̀ lọ bá òyìnbó arúgbó kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ó ti bá àwọn tó ń yọ ọkọ̀ rírì lábẹ́ omi ṣiṣẹ́. Ó máa ń gbé àga sẹ́nu ọ̀nà bí oòrùn bá yọ, "Mọ́mì" ni òun náà sì ń pe Mọ́mì, bí gbogbo ẹ́sítéètì ṣe ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ kan tí mi ò lọ síṣẹ́, mo tẹ̀lé wọn, kí n lè mọ irú ìtàn tó ń kó sí ìyá mi lágbárí.

Òyìnbó náà ní tó bá jẹ́ ọkọ̀ kékeré ni, kò le. Wọ́n á fi ṣéènì so ó, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, á sì léfòó. Ṣùgbọ́n iyọ̀ òkun ti jẹ irin ọkọ̀ ogun yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bí wọ́n bá fà á, á já sí wẹ́wẹ́, àwọn bọ́ǹbù inú rẹ̀ sì ṣì lè bú. Ó wá mi orí, ó ní yàtọ̀ sí ìyẹn, sàréè ni ọkọ̀ náà jẹ́, kò sì dára kéèyàn tú sàréè.

Mọ́mì gbọ́ òyìnbó dáadáa, ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí wọn, Yorùbá ni wọ́n fi ń fọhùn. Wọ́n kọjú sí mi. "Sàréè kẹ̀? Bi í léèrè, ta ló wẹ òkú náà? Ta ló wọ aṣọ fún un? Kó fi ibi orí hàn mí, kó fi ibi ẹsẹ̀ hàn mí, kí n tó gbà pé sàréè ni."

Mi ò túmọ̀ rẹ̀. Ojú bàbá arúgbó náà ti ń pọ́n, ó mọ̀ pé òun ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ó na ọwọ́ sí ọgbà irin dúdú tó yí koríko wa ká. Ó ní ṣé a mọ̀ pé nígbà ogun, ibùsùn tí wọ́n fi ń gbé òkú àti àwọn tó fara pa kúrò nínú ilé tó wó ni irin wọ̀nyẹn? Ogun parí, wọ́n gbé wọn dúró, wọ́n di ọgbà. Ó ní bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ náà jáde, irin rẹ̀ náà á di nǹkan mìíràn, torí irin kì í ṣòfò. Orí ọgbà yẹn ni Mọ́mì ti ń sá ẹní ìkírun wọn láti ọjọ́ tí a ti kó débẹ̀.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká lọ sókè." Wọn ò mira. Wọ́n fi òyìnbó bi í bóyá àwọn tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ tètè kú.

Ọlọ́run ló mọ̀ pé èmi ì bá purọ́. Gbogbo ara ni mo fi ń ṣẹ́jú sí i. Ṣùgbọ́n arúgbó tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ta ló lè pa á lẹ́nu mọ́? Ó ní kì í ṣe gbogbo wọn. Ó ní bí ọkọ̀ bá dojú dé, atẹ́gùn máa ń kù nínú yàrá mìíràn nísàlẹ̀, àwọn tó bá sì wà níbẹ̀ á máa kan irin, kí àwọn ará ìta lè gbọ́.

"Títí dìgbà wo?" ni Mọ́mì bi í. Ó wo ojú mi, ó ní òun kò mọ̀.

Ọ̀gìnnìtìn dé. Bóílà kan ṣoṣo ló ń fi omi gbígbóná ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ́sítéètì wa, bí wọ́n bá sì ti tàn án ní ìdájí, páìpù ara ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í dún kó, kó, kó. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń dún, etí wa ti di sí i. Ní ìdájí ọjọ́ kan, mò ń múra iṣẹ́, mo gbọ́ tó dún, tó sì dákẹ́. Nǹkan kan wá dá a lóhùn láti yàrá Mọ́mì. Mo ṣílẹ̀kùn. Mọ́mì mi jókòó sórí ẹní ìkírun, ṣíbí ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi kan páìpù.

"Mọ́mì! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń dá a lóhùn. Kó má bàa rò pé kò sí èèyàn níta."

Ẹ̀rù bà mí. Mi ò ní í purọ́, ẹ̀rù bà mí débi pé mo jágbe mọ́ ìyá tó bí mi lọ́mọ, mo sì gba ṣíbí náà. Ní ọjọ́ kejì wọ́n fi òrùka ọwọ́ wọn kàn án. Mo ní, "Mọ́mì, omi gbígbóná ni! Bàbá ti kú! Ó ti kú kí wọ́n tó bí yín!"

Wọn ò bínú. Ìyẹn ló burú jù. Wọ́n ní, "Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi sọnù lọ. Bó bá wá jẹ́ bàbá èèyàn ló sọnù ńkọ́? Mi ò mọ ojú rẹ̀. Mi ò mọ ohùn rẹ̀. Ìwọ mọ ibi tí o sin bàbá tìrẹ sí. Tèmi ń kanlẹ̀kùn, o ní kí n má dáhùn."

Mo wọ bàtà mi, mo lọ síṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti ti ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, ẹni tó bá ń gbá a nílùkulù láti ìta, kó yáa dúró de èyí tó ń bọ̀. Láti ọjọ́ náà mi ò lè ṣe é mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kan gíláàsì, mo ń ṣí i fún un, àwọn ọ̀gá mi ń bá mi jà pé mò ń pẹ́, mo sì ń ṣí i. Nílé, kí bóílà tó bẹ̀rẹ̀ ni èmi náà á ti jí, tí n óò máa tẹ́tí. Bó bá dún tí Mọ́mì kò tètè dáhùn, n óò dìde lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn.

Òtútù kásẹ̀ nílẹ̀. Káńsù tó ni ẹ́sítéètì wa pa bóílà, bí wọ́n ṣe ń pa á lọ́dọọdún tí ooru bá ti ń bọ̀. Ní ìdájí ọjọ́ náà mo gbọ́ tí Mọ́mì kan páìpù. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n tún kàn án. Mo dúró ní pálọ̀, bàtà mi wà lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé bóílà tí wọ́n pa ni kò jẹ́ kó dún mọ́. Mo fi fóònù sọ níbi iṣẹ́ pé mi ò wá. Mọ́mì ń kàn án, wọ́n ń dúró, wọ́n ń kàn án, títí ilẹ̀ fi mọ́, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń pariwo lórí àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí.

"Kò dáhùn mọ́," ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì."

"Ó ti rẹ̀ ẹ́." Wọ́n ń fi ìka pa ara páìpù náà, ó ti tutù. "Ó gbìyànjú. Kí wọ́n má gbé ọkọ̀ náà jáde mọ́. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi irin rẹ̀ ṣe tí ọkàn mi máa gbà. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ lọ." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Pe Áfáà fún mi."

"Kí n sọ fún wọn pé kí ni?"

"Sọ pé bàbá mi kú."

Mo pe Áfáà. Wọn ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Wọ́n ní bí a bá kírun Jímọ̀ tán, a ó kírun òkú fún bàbá. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo rò pé ó parí, ṣùgbọ́n Mọ́mì ò yé wò mí. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ omi. Wọ́n ní rárá. Mo bi wọ́n bóyá kí n pe àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ìyẹn lè dúró.

"O ò ní í kí mi ni?"

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi. Kò sí ilé ọ̀fọ̀ kan ní Peckham tí Mọ́mì mi kì í lọ, àtọ̀dọ̀ ìmàle àtọ̀dọ̀ onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó kí àwọn náà kú ọ̀fọ̀ bàbá wọn rí, torí kò sí ẹni tó láyà láti sọ ọ́ lójú wọn pé bàbá wọn kú.

Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ọlọ́run á dá ẹ̀yin sí."

"Àmín," ni wọ́n wí. "O ṣeun." Wọ́n wá ká ọwọ́ méjèèjì lé orí, wọ́n ké "Yéè, bàbá mi o!" bí ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Mo jókòó tì wọ́n lórí ẹní, mo jẹ́ kí wọ́n sunkún.