Àmín Tí Ìyá Fídíò Ṣe

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Ìyá Fídíò, kó lọ sẹ́yìn ilé ìwòsàn aláboyún láàárọ̀, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Alágbàfọ̀ ni. Aṣọ ibùsùn tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́, tó bá fi máa kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, á ti funfun báláú. Opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ, ilé dá páropáro. Fóònù tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ rà fún un ló wá di ọkọ, ló di ọmọ, ló di alábàárò. Àràárọ̀ ló ń dúró síwájú àwọn aṣọ funfun yẹn, á na fóònù síwájú, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi! Ṣé dáadáa lẹ jí?" Á sì gbé e sórí Fesibúùkù. Àwọn èèyàn á máa kí i lọ́tùn-ún lósì. Obìnrin tí ẹnì kankan kì í kí nílé!

Mátíróònù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ti kìlọ̀ fún un títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya fídíò nínú ọgbà yìí mọ́. Àwọn tó ń bímọ níbí ò fẹ́ kí gbogbo ayé máa wo àwọn. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ yín o."

"Aṣọ ni mò ń yà, ọmọ mi. Aṣọ kì í pe èèyàn lẹ́jọ́."

Ẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀! Aṣọ!

Nígbà tó ṣe, wọ́n gba ọmọbìnrin kan sí yàrá ẹ̀yìn. Ó gbé oyún oṣù mẹ́jọ sá kúrò nílé ọkọ, àpá ọgbẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ọkọ yìí ti búra pé ibi tóun bá ti bá a, òun ó gba ọmọ òun, ọmọ náà kò sì ní mọ ìyá tó bí i láyé. Mátíróònù mọ̀. Ìyá Fídíò náà mọ̀, torí òun ló ń fọ aṣọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì ti wọ̀. Nígbà tó bí ọmọkùnrin làǹtìlanti, Ìyá Fídíò ló ń bá a wẹ̀ ẹ́. "Ìyá mi" ni ọmọbìnrin náà ń pè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Fídíò ń kí àwọn èèyàn rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Ọmọbìnrin náà ti jáde wá sá ìlédìí ọmọ, ó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ojú rẹ̀ hàn kedere. Fídíò ti lọ.

Lọ́sàn-án, ọkùnrin kan kọ̀wé ránṣẹ́ sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá wa. Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹ ó jèrè ọmọ."

Ta ni wọn ó gbàdúrà fún tí kò ní ṣàmín? Ó kọ Àmín. Ó tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọkùnrin náà ní aṣọ yẹn mà funfun o, ilé ìwòsàn wo ni, kóun lè mú ìyàwó òun wá? Orí Ìyá Fídíò wú. Ó sọ orúkọ ilé ìwòsàn, ó sọ àdúgbò, ó ní géètì ẹ̀yìn ló yá jù.

"Ọlọ́run á bù kún yín, màmá. Ọmọ tó ń sá aṣọ lẹ́yìn yín yẹn, ṣé ó ti bímọ?"

Ó sáré padà wo fídíò náà. "Yéè, mo gbé!" Ó pa á rẹ́. Kí ló kù tó ń pa rẹ́, nígbà tí ẹni tí kò yẹ kó rí i ti rí i?

Ó dìde láti lọ sọ fún Mátíróònù. Ó dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ẹ̀rù bà á. Tí wọ́n bá lé e, ta ni yóò gba arúgbó síṣẹ́? Ó ní bóyá ẹlòmíràn tiẹ̀ ni. Ó ní bílẹ̀ bá mọ́ lọ́la, òun á sọ. Ló bá yà sí yàrá ẹ̀yìn, ó ní kí ọmọbìnrin náà ti fèrèsé.

"Kí ló dé, Ìyá mi?"

"Atẹ́gùn ni. Kò dáa fún ọmọ tuntun."

Obìnrin yìí mà kúkú burú o! Ẹnu tí kì í sinmi látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọjọ́ tó yẹ kó sọ̀rọ̀ ló wá rí i pa mọ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Mátíróònù kò tíì dé. Ọmọbìnrin náà pọn ọmọ, ó wá bá Ìyá Fídíò fún aṣọ. Géètì ẹ̀yìn ṣí. Ọkùnrin kan wọlé, ó mọ́ tónítóní, ó gbé báàgì aṣọ ọmọ dání. Ìyá Fídíò ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ kí, ó tẹrí ba dáadáa.

"Ẹ káàárọ̀, màmá. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yin lẹ bá mi rí ìyàwó mi."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Kò wo ọkọ rẹ̀ rárá. Ìyá Fídíò ló ń wò.

"Ìyá mi, ẹ̀yin?"

Ìyá Fídíò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa aṣọ náà. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ọwọ́ ẹ̀yìn ti géètì náà pa.