Ìkúnlẹ̀ Mi Lẹ́nu Géètì

Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, kí n tó padà wá jókòó sí Ọ̀fà, mo kúnlẹ̀ nínú yìnyín lẹ́nu géètì ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Ìlú Ọba. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra ìrìn-àjò, tí ẹ ń bi mí bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe rí lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyanṣẹ́lódì la wà. Ọ̀gá ń fi iṣẹ́ alẹ́ kún iṣẹ́ ọ̀sán fún wa, ara wa kò sì gbà á mọ́. Èmi ní ìwé ìgbélùú tèmi, mo lè pariwo. Ti Alhaji, ará Ẹ̀rìn-Ilé tá a jọ ń ṣiṣẹ́, yàtọ̀. Ọ̀gá ló ṣe onígbọ̀wọ́ físà rẹ̀. Bí inú bá bí ọ̀gá, ilé yá nìyẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà nílé-ìwé. Àwa méjì péré là ń sọ Yorùbá níbẹ̀. Nílé, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í jẹ́ kí ìlú wa méjèèjì gbọ́ra wọn yé. Lọ́hùn-ún, ó máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ọmọ Ọ̀fà, mu tíì rẹ. Tá a bá délé, a ó jà."

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Alhaji, tí kò lè bá wa yanṣẹ́ lódì, ń wọlé síṣẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ń hó lé e lórí. Ó dúró níwájú mi.

"O kú ìdúró o. O kú òtútù."

Kí n tó ronú, orúnkún mi ti kanlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú iṣẹ́ o, Alhaji."

Alága ẹgbẹ́ wa, obìnrin òyìnbó kan tí mo fẹ́ràn gan-an, tẹjú mọ́ mi. "O kúnlẹ̀ fún ẹni tó ń ba ìjà wa jẹ́?"

"Àgbà ló kí mi," mo ní. Kò yé e.

A borí. Wọn kò fi alẹ́ kún ọ̀sán fún ẹnikẹ́ni mọ́, títí kan Alhaji. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá gbé oúnjẹ mi dé ìdí tábìlì, àwọn tá a jọ dúró nínú yìnyín á dìde kúrò níbẹ̀. Ó dùn mí dé egungun.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, físà Alhaji parí, ọ̀gá sì kọ̀ láti tún un ṣe. Mo dìde nípàdé, mo ní kí ẹgbẹ́ bá a jà, pé ẹni tí kò lè pariwo gan-an ló yẹ ká pariwo fún. Alága ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́. Mo nawọ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ọwọ́ kan kì í gbẹ́rù dórí. Alhaji padà sílé.

Mi ò ní kí ẹ má ṣẹgbẹ́ o. Ẹgbẹ́ ló gbà wá lọ́wọ́ iṣẹ́ àṣekú. Ṣùgbọ́n a jẹ Alhaji ní gbèsè ìjà kan tí a kò bá a jà. Lẹ́yìn tó lọ, mo ṣì wà níbẹ̀ títí òtútù mìíràn fi dé. Kò sẹ́ni tó kí mi pé, "O kú òtútù."