Jẹnẹrétọ̀ Tó Ń Dá Ara Rẹ̀ Tàn

Leovigildo Tejada, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Gildo, ló ń tọ́jú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga kan ní Santiago, lórílẹ̀-èdè Dominican. Òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń pààrọ̀ gílóòbù tó bá jó, òun náà ló sì ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ ńlá tó wà nísàlẹ̀ ilé, nínú yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ yìí á dá ara rẹ̀ tàn. Bí iná bá dé, á dá ara rẹ̀ pa. Gildo máa ń sọ fún Nurys ìyàwó rẹ̀ pé nínú gbogbo ilé yẹn, ẹ̀rọ yìí nìkan ni kì í bá òun jiyàn.

Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Iná wà. Rédíò ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ń kọrin, lífítì ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀. Lójijì ni jẹnẹrétọ̀ bú ramúramù. Gildo sáré débẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Èwo tún nìyí? Ta ló pè ọ́?"

Ẹ̀rọ náà ké bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó sì dákẹ́. Gildo rẹ́rìn-ín, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó tún ṣe é. Nígbà mìíràn á tàn lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan, nígbà mìíràn ọjọ́ púpọ̀ á kọjá tí kò ní dún rárá. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dápàárá. "Gildo, ọ̀rẹ́bìnrin ẹ mà ń pè ọ́ nísàlẹ̀ o!" Ẹ̀ṣọ́ ní ooru ló ń dà á láàmú. Ẹnìkan ní ẹni tó kọ́ ilé náà, tó ti kú, ló ń wá wo dúkìá rẹ̀. Gildo ò mọ èyí tí ì bá gbà gbọ́.

Ó wá pinnu pé òun á yẹ ẹ̀rọ náà wò fúnra òun. Bọ́tìnnì kan wà lójú ẹ̀rọ náà tí wọ́n máa ń yí: bí wọ́n bá yí i sí apá kan, ẹ̀rọ ò ní tàn rárá, bí wọ́n bá yí i sí apá kejì, á máa dá ara rẹ̀ tàn. Gildo yí i sí pípa. Ó lọ mú sípánà, ó mu kọfí, ó padà wá. Ó na ọwọ́ tó fi di àkísà mú sí bẹ́líìtì fáànù.

Ẹ̀rọ náà bú.

Bẹ́líìtì já àkísà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bó awọ ìka rẹ̀ kan. Gildo ṣubú sẹ́yìn, ó fi ìdí jókòó lórí sìmẹ́ńtì. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó wo bọ́tìnnì. Kò sí lórí pípa mọ́. Apá tí ẹ̀rọ á ti máa dá ara rẹ̀ tàn ló wà.

"Mo yí i," ló wí fún ara rẹ̀. "Àbí n ò yí i ni?"

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà á. Ìyá rẹ̀, tó wà nílé ní Moca, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn: ó ní òun ti pa iná ìdáná, iná sì ń jó. Gildo di ìka rẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ń gbálẹ̀, á máa ka orúkọ àwọn ará ilé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá délé, Nurys á ní, "Gildo, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Á ní kò sí. Lọ́jọ́ mìíràn ó tún yí bọ́tìnnì sí pípa, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé, "Mo ti pa á." Ó padà dé, ó tún bá a ní apá kejì. Ó jókòó sórí garawa ọ̀dà, kò mọ ohun tó máa ṣe.

Nígbà tó yá, wọ́n ránṣẹ́ pe Yokasta, obìnrin tó máa ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó yí bọ́tìnnì sí pípa, ó sì tú wáyà bátìrì kúrò kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà máa ń tú u?"

Gildo mi orí pé rárá.

"Ha! Ọlọ́run ló yọ yín."

Ó yẹ bátìrì wò, ó dára. Ó yẹ aago inú ẹ̀rọ náà wò, èyí tó lè mú un tàn lásìkò, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Òun náà dúró, ó ń họ orí. "Ó yà mí lẹ́nu o. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í dédé tàn, nǹkan kan ló ń pè é." Ó nawọ́ sí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó ti inú àpótí iná lára ògiri wá. Ó ní bí iná bá lọ, àpótí yẹn ló ń so àwọn méjèèjì pọ̀. Ohun tí jẹnẹrétọ̀ sì mọ̀ nìyẹn, bí wọ́n bá ti kanra, ó di kó tàn.

Àwọn méjèèjì tọ páìpù wáyà náà lọ lẹ́yìn ògiri. Níbì kan tí páìpù ti so pọ̀, omi ẹ̀rọ amúlétutù ilé òkè ń kán sórí rẹ̀, tó, tó, tó. Yokasta ṣí i. Eku ti jẹ ara wáyà, omi sì dúró láàárín wọn. Bí omi bá pọ̀, wáyà á kanra. Bó bá gbẹ, wọ́n á pínyà.

"Ẹ wo ọ̀rẹ́bìnrin yín," ni Yokasta wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Gildo ò rẹ́rìn-ín. Eku lè jẹ wáyà, ṣùgbọ́n eku wo ló ń yí bọ́tìnnì?

Wọ́n padà sí yàrá jẹnẹrétọ̀. Doña Ercilia, ìyá àgbà tó jẹ́ alága àwọn onílé, ló dúró níwájú ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì.

"Doña, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń dá a padà ni! Ìwọ yìí, o kàn máa ń pa á, o ó sì bá tìẹ lọ. Bí iná bá lọ ńkọ́? Ṣé o ò mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń lo iná ni Radhamés ọkọ mi fi ń mí ni?"

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń yí i?"

"Èmi ni, kí ló dé? Mo ní kọ́kọ́rọ́ ibí."

Gildo jókòó sílẹ̀. Ó fẹ́ bínú, kò rí ìbínú. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni omijé. Ó na ìka rẹ̀ tó ní àpá sókè. "Ọwọ́ mi wà nínú ẹ̀rọ nígbà tó bú lọ́jọ́ yẹn, Doña. Mo rò pé orí mi ló ti ń dàrú."

Doña Ercilia wo ìka náà. "Màmá mi o! Kí ló dé tí o ò wí fún mi?"

"Ẹ̀yin náà ò wí fún mi."

Yokasta pààrọ̀ wáyà, ó sì gbé páìpù kúrò lábẹ́ omi. Ó fi àgádágodo sórí bọ́tìnnì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò Gildo. Bí Gildo bá fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ, á kọ́kọ́ gòkè lọ sọ fún Doña Ercilia, kí wọ́n lè gbé Don Radhamés sórí àgbá afẹ́fẹ́ tí kò nílò iná.

Kò pẹ́ síyẹn, bí Gildo ti ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́, jẹnẹrétọ̀ bú. Ó fi abọ́ sílẹ̀, ó sáré jáde. "Kí ló tún dé?" Ẹ̀ṣọ́ wò ó bí ẹni wo wèrè.

"Gildo, iná ló lọ. Gbogbo àdúgbò."